Àwòrán Tí Wọ́n Fi Sójú Ìwé Sabirah

Ọmọ Ìlọrin ni Sabirah, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Shango, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Àìsàn kan tó ṣe é ní kékeré ló gba ojú rẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fà á lọ́wọ́ nínú ilé. Iyọ̀ ní àyè tirẹ̀, bàtà ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé wọn kúrò níbẹ̀ á gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó ń ṣe lórí ẹ̀rọ ayélujára ló sọ ọ́ di ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Minna, èdè Hausa ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Bí ìyá àgbà bá ti Ìlọrin dé, tó ń retí kí wọ́n kúnlẹ̀ kí òun, wọ́n á ní “Ina kwana”, wọ́n á sì sá lọ síbi eré wọn. Nítorí náà, ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, Sabirah á gba ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù, á kọ́ wọn bí a ṣe ń kí àgbàlagbà, bí a ṣe ń dúpẹ́ oore àná, bí a ṣe ń bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn. Kì í kánjú. Á kọ́kọ́ kí àwọn òbí, á kí ẹni tó wà nídìí iná àti ẹni tó ń ti ọjà Kure bọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ohùn kan wà nínú fóònù náà tó máa ń ka ohun tí ìka rẹ̀ bá bà fún un. Ohun tó fi ń dá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, títí di ìgbà tí àwọn tó ni áàpù náà tún un ṣe. Wọ́n ní ó ti rẹwà sí i. Sabirah fi ìka kan òkè, ohùn náà ní, “Bọ́tìnnì.” Ó fi kan ìsàlẹ̀. “Bọ́tìnnì.” Ó fà á sápá ọ̀tún. “Bọ́tìnnì.”

“Bọ́tìnnì kí ni?” Sabirah jágbe mọ́ fóònù. “Ṣé ẹ̀wù ni mo fẹ́ rán ni?”

Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé èèyàn ni òun, kó tẹ gbogbo àwòrán tí alùpùpù wà nínú rẹ̀. Haba! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fóònù náà mọ́ ògiri.

Ibi tó ti ń bínú ni Láwàl, àbúrò rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní ọjà Kure, bá a. Èèyàn rere ni Láwàl. Kò sí ohun tí kò lè ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà rẹ̀ wà.

“Àǹtí, kí lẹ ń yọ ara yín lẹ́nu sí? Ẹ fún mi ní pásíwọ́ọ̀dù yín. Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀, èmi á máa bá yín gbé e síbẹ̀.”

“Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá mi gbé e.”

“Èmi náà ti di ẹnikẹ́ni? Wallahi, ẹ̀yin náà le jù.”

Ọjọ́ Jímọ̀ ti dé, àwọn ọmọ sì ń retí. Sabirah fún un.

Oṣù kan àti díẹ̀ kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Hàúwà aládùúgbò wọn, tí Hafsoh ọmọ rẹ̀ kì í pa ẹ̀kọ́ náà jẹ, wọlé, ó ń fa ikun imú.

“Àǹtí Sabirah, ẹ mà pẹ̀lẹ́ o. Mo ṣí ojú ìwé yín lórí áàpù, omi bọ́ lójú mi.”

“Bí a ṣe ń kí ọlọ́mọ tuntun ni mo kọ́ yín. Kí ló wá pa ọ́ lẹ́kún níbẹ̀?”

“Àwòrán yẹn ni.”

“Àwòrán wo?”

Hàúwà ti rò pé Sabirah mọ̀.

“Hàúwà, sọ ọ́ fún mi bó o ṣe rí i. Má fi nǹkan kan pamọ́.”

“Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ na ọwọ́ síwájú, bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Wọ́n wá kọ ọ́ sókè pé: ‘Afọ́jú ni mí, ṣùgbọ́n mi ò ṣe báárà. Ẹ ṣàánú mi, ẹ pín in kiri.’”

Sabirah rántí ọjọ́ náà. “Àlùwàlá ni mo fẹ́ ṣe! Búta omi àlùwàlá mi ni mo na ọwọ́ sí!”

“Subhanallah,” ni Hàúwà wí. Lẹ́yìn náà ó rọra fi kún un pé, “Orin tún wà lábẹ́ ohùn yín. Ẹ kì í sì í kí wa mọ́. Ẹ kàn máa ń bẹ̀rẹ̀ gbàà ni.”

“Mo kí yín. Kò sí Jímọ̀ tí mi ò kí yín.”

Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí Láwàl ti ọjà dé.

“Láwàl,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, “ka ohun tó wà lórí àwòrán mi. Kà á sókè, kí èmi náà gbọ́.”

Láwàl wúkọ́. “Àǹtí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn ò ní sùúrù. Kí ẹ tó kí bàbá kí ẹ kí ìyá tán, wọ́n á ti kọjá lọ. Ìdí tí mo fi gé ìkíni yín kúrò nìyẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń tẹ̀lé yín ti di ìlọ́po mẹ́ta?”

“Ta ni wọ́n ń tẹ̀lé? Èmi ni, àbí báárà tó o fi mí ṣe?”

“Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni o.”

“Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ká ní ọ̀tá ni ọ́, ǹ bá ti lé ọ jáde.”

Láwàl yọ àwòrán náà kúrò, ó sì dá pásíwọ́ọ̀dù padà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti gbé àwòrán náà kiri, kò sì sí ẹni tó lè kó omi tó ti dànù. Nígbà tí Sabirah tún ṣí áàpù náà, “Bọ́tìnnì” náà ló ṣì ń gbọ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ wọn kò ṣe ihò kọ́kọ́rọ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé.

Hàúwà ló mú un wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àdúgbò Bosso, sọ́dọ̀ Adéyọ̀sọ́lá, ọmọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́, tó ń kọ́ni nímọ̀ kọ̀ǹpútà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ojú òpó ayélujára kékeré kan tí èèyàn lè gbé ohùn sí, tí wọ́n ń bójú tó fúnra wọn.

“Ta ni ọ̀gá ibẹ̀?” ni Sabirah bi í.

“Àwa náà ni, Àǹtí. Ó dà bí agbo ilé. Ilé tiwa nìyí, àwọn mìíràn ní tiwọn níbòmíràn, a sì ń gbọ́ ara wa láti ilé dé ilé. Kò sí ẹnì kan tó ni gbogbo rẹ̀. Bí tiwa ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè kó lọ sí òmíràn, àwọn tó ń tẹ̀lé yín á bá yín lọ. Áàpù tó bá sì bá yín lára mu lẹ ó fi máa wọlé.”

Sabirah dán áàpù kan wò. “Bọ́tìnnì.” Ó ní kí wọ́n gbé e jù nù. Ó dán òmíràn wò, ohùn inú fóònù sì ní, “Gba ohùn sílẹ̀.” Ó tún fi ìka rẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dá a lójú.

“Àwọn ẹ̀kọ́ mi àtẹ̀yìnwá ńkọ́?”

Adéyọ̀sọ́lá gbìyànjú títí. “Ẹ má bínú, Àǹtí. Wọn ò jẹ́ kó ṣeé kó jáde níbẹ̀.”

Iṣẹ́ ọdún méjì! Síbẹ̀, Sabirah forúkọ sílẹ̀ ní ojú òpó tuntun náà kí wọ́n tó padà sí Shango.

Ṣùgbọ́n àwọn òbí kò tẹ̀lé e lọ síbẹ̀. “Áàpù mìíràn kẹ̀? Fóònù mi ti kún.” “Dátà dà?” “Àǹtí, ẹ padà sí ti àtijọ́ jàre.” Láwàl náà kò lè pa á mọ́ra. “Mo ṣáà sọ fún yín. Ẹ fi ọjà sílẹ̀, ẹ lọ pàtẹ sínú igbó.”

“Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n pàtẹ sínú igbó,” ni Sabirah dá a lóhùn, “ju kí wọ́n máa pàtẹ èmi fúnra mi lọ́jà.”

Ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó fúngbà pípẹ́ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, inú ń bí i sí àwọn tó sọ áàpù rẹwà, sí Láwàl, sí àwọn òbí tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Lẹ́yìn náà ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn náà sì lọ.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ilé Hàúwà, kò sí orin kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó tún gbọ́ ohùn Hafsoh tó ń dáhùn pé, “Ẹ káàárọ̀, mà!”

Sabirah na ọrùn sójú fèrèsé. “Hafsoh! Oòrùn ti mú gan-an, ta lò ń kí káàárọ̀?”

“Toh, Àǹtí,” ni ọmọ náà wí. “Ẹ káàsán o!”