Màmá Ẹ-Jókòó àti Kọ́sẹ́ẹ̀tì Inú Gíláàsì

Inú ń bí mi, n kò ní parọ́. Ó ti ń bí mi láti àárọ̀ tí màmá mi wọ jígí ojú tuntun tó rà nítorí ìwé ìtàn ilé iṣẹ́ wọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ṣáájú ọjọ́ ìkójáde, tó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò rí orúkọ ara rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi rán kọ́mú àti kọ́sẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Kọ́sẹ́ẹ̀tì ni àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ń fún ikùn mọ́ra, tí wọ́n ki irin pẹlẹbẹ bọ inú rẹ̀ kó má baà ká. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìdúró ni wọ́n ń wọn àwọn obìnrin. Bí oníbàárà bá délé tó jókòó, irin á gún un lọ́mú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá ọjà padà. Màmá mi ló gbé àpótí ìjókòó wá, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Ẹ jókòó ná," kó tó na téèpù. Bó ṣe di Màmá Ẹ-Jókòó nìyẹn. Ó gé ìsàlẹ̀ iwájú kọ́sẹ́ẹ̀tì kúrú kí irin má baà ta sókè. Ọ̀gá wọn ní òun ò ní aṣọ tí wọ́n máa fi ṣeré. Màmá mi gé kaba olódòdó ńláńlá tirẹ̀, ó fi ṣe inú kọ́sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́.

Ọjà yẹn ló kọ́lé fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní òun lòun ronú kàn án. Màmá mi dákẹ́, ó ní sùúrù ni baba ìwà. Sùúrù! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Òótọ́ tiwa ti ń wọ́ bọ̀ bí ìgbín láti ogójì ọdún.

Ọ̀gá ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló kọ ìwé náà. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi jókòó sí pálọ̀ wa, tó ń da ìbéèrè bo màmá mi, tó ń mu tíì wa. Ó ṣèlérí pé orúkọ màmá mi á wà níbẹ̀. Ló bá lọ kọ ọ́ pé, "Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán àkọ́kọ́." Bàbá tí kò lè rán bọ́tìnnì!

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìwé náà jáde, mo mú màmá mi lọ. Wọ́n ti fi kọ́sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán. Màmá mi wò ó títí.

"Ẹ dorí ẹ̀ kodò."

Ọmọ ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Màmá, bí bàbá mi ṣe rán an nìyẹn."

"Ṣé ìdí lọmú ń wà nílé tiyín ni?"

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Tipátipá ni ọmọ ọ̀gá fi ṣí gíláàsì náà. Màmá mi gbé orí kọ́sẹ́ẹ̀tì sókè, ó sì yí inú rẹ̀ síta. Òdòdó ńláńlá. Mo ṣí ìwé náà sí ojú ewé kẹsàn-án, mo nà án sí ọmọ ọ̀gá. Àwòrán màmá mi nìyẹn nídìí máṣíìnì, nínú kaba olódòdó yẹn gan-an. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni, "Òṣìṣẹ́bìnrin kan."

Ó wo àwòrán, ó wo aṣọ. "Ẹ má bínú, mà. Tá a bá tún un tẹ̀..."

"Mo ti pé ọgọ́rin ọdún," màmá mi dá a lóhùn. "Ẹ bá mi wá báírò."

Ó kọjú sí ìwé tí wọ́n tò sórí tábìlì, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìdúró. Mo fa àga sún mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ jókòó ná."

Ó jókòó, ó fi jígí tuntun sójú, ó fa igi lé "Òṣìṣẹ́bìnrin kan", ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ó na ọwọ́, mo gbé òmíràn fún un. Igba ìwé ló wà lórí tábìlì, kò sì sẹ́ni tó láyà láti ní kó dìde.