Ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀lù Lábẹ́ Àtíbàbà Obì

Òórùn awọ obì tó ti rà sínú omi ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti sún mọ́ àtíbàbà ìyá mi, kí n tó yà ní kọ̀rọ̀ rárá. Ní Ṣàgámù, láyé ìjọba alágbádá tó ṣíwájú kí àwọn sójà tó tún padà dé, obì gbànja ló ń bọ́ ilé wa. A ó rẹ ẹ́ sómi, a ó bó awọ funfun ara rẹ̀ dànù, a ó wá ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò kó má baà ran ìyókù. Ọwọ́ nìkan ni iṣẹ́ náà ń gbà, kò gba ẹnu, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ kò fi í dákẹ́. Òfin kan péré ni ìyá mi ní: ẹni tó bá jókòó ti igbá omi, kó máa bó obì, ẹni tó bá sì ti ń bó obì, ará ilé ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í pé níbo ló ti wá.

Bọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú, kípà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Lọ́jọ́ Àìkú, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù á dà sábẹ́ àtíbàbà wa. Tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí wọn. Bàbá yìí lè tú ìdíje kan palẹ̀ débi pé ẹni tí kò lọ sí pápá á rò pé òun wà níbẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, orí ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo àlàyé rẹ̀ ń já sí. “Kípà wa dáa,” ni yóò wí, “àfi bọ́ọ̀lù tó bá gba ọ̀tún rẹ̀ wá. Ó ń pẹ́ sí i. Ọ̀lẹ ń bẹ lápá ọ̀tún rẹ̀.” Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi náà á rẹ́rìn-ín. Níbi tó bá sì ti ń rẹ́rìn-ín ni yóò ti fi ọwọ́ ọ̀tún gbá igbá omi obì dànù, ìyá mi á sì bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ kékeré wí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́.

Inú ń bí mi. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ tísà nígbà náà, ẹnu mi sì mú. Ìlú Ìpẹ̀rú tó múlé tì wá la fẹ́ bá gbá àṣekágbá ìdíje ife ọdún náà, wọ́n sì ti sọ pé ọ̀gá kan láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá l’Ékòó ń bọ̀ wá wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ibi tó kù sí hàn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.”

Bàbá tísà wò mí lórí awò ojú rẹ̀. “Ọmọ mi, ohun tí gbogbo ayé rí ní pápá, ta ló kù tí a fẹ́ fi pa mọ́ fún?”

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí wá jókòó ti igbá. Kò mọ obì bó rárá, ó ń fi èékánná ha á lára. Ìbéèrè kan ló bi Bàbá tísà, pé ṣé bọ́ọ̀lù tó ń yí nílẹ̀ náà ni kípà ń pẹ́ sí. Bàbá sì ṣàlàyé fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín, kò fi ohun kan pa mọ́. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, ó lọ.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo ti tún rí i, tó so fèrè mọ́rùn. Òun ni kóòṣì Ìpẹ̀rú. Ọ̀tún ni gbogbo bọ́ọ̀lù wọn gbà wá. Gólì kìíní le, kò sí kípà tí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ kò lè wọlé mọ́ lọ́wọ́. Èkejì ń yí bọ̀ nílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì dúró, kò mira, títí ó fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ọ̀gá Èkó ti lọ kí rẹfirí tó fọn fèrè ìkẹyìn. Àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n mi ti gbàbọ̀dè. Ó wọ yàrá lọ, ó tilẹ̀kùn.

Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ wá kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́ lábẹ́ àtíbàbà wa. Ojú ti Bàbá tísà, kò wá mọ́. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Àwa obìnrin nìkan ló kù, a ń bó obì bí ẹni wà nílé òkú.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí òjìji ènìyàn fi bo ẹnu ọ̀nà. “Yèsí rèé?” ni ìyá mi bi, torí oòrùn wà lójú rẹ̀. Kóòṣì Ìpẹ̀rú ni. Mo ti dìde láti lé e, ṣùgbọ́n ó ti dọ̀bálẹ̀ sórí awọ obì tó tutù nílẹ̀.

“Ìyá, mi ò wá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Bọ́ọ̀lù kejì yẹn, kò rí i ni. Bí ojú bàbá tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti ẹ̀gbẹ́, kó tó fọ́ pátápátá. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò.”

“Ìgbà wo lẹ mọ̀?” Èmi ni mo bi í.

Ó ṣí awọ obì kan kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. “Mo ti ń fura láti ọjọ́ tí mo jókòó síbí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gba ife yẹn.”

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbọ́ wa láti inú yàrá. Ó jáde síta, ó fi ọwọ́ bo ojú òsì rẹ̀, ó na ọwọ́ kejì sí ibi tí ohùn ọkùnrin náà ti ń wá. Òfìfo ló gbá mú. Ìyá mi bú sẹ́kún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ti igbá omi obì sí iwájú kóòṣì náà, ó ní kó jókòó.

Ní Ìbàdàn, àwọn dókítà sọ pé ojú ọ̀tún ti lọ, ṣùgbọ́n a ṣì bá ti òsì. Títí di òní ló ń kán oògùn sí i, ó sì fi í rí ọmọ, ó fi í rí ọmọ-ọmọ.

Nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn báyìí pé àwọn tó ń tú ẹgbẹ́ wọn palẹ̀ ní gbangba ń ran ọ̀tá lọ́wọ́, mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Ó ran Ìpẹ̀rú lọ́wọ́, wọ́n fi gba ife. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ ń wí pé ó ń pẹ́, àwa tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà gbọ́ ọ, a rẹ́rìn-ín tàbí a bínú, kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó ń mú un pẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣẹ́gun wa nìkan ló fetí sí ọ̀rọ̀ wa débi tó fi rí ọmọ wa. Bí a bá sì ti panu mọ́ bí mo ṣe fẹ́, ojú rẹ̀ méjèèjì ni ì bá lọ.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ Bàbá tísà pé kó padà wá. Lọ́jọ́ Àìkú tó dé, tí ariwo tún sọ lábẹ́ àtíbàbà, mo rí ìyá mi tó dìde, tó gbé igbá omi obì kúrò lápá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, tó gbé e sí òsì rẹ̀, tó sì padà lọ jókòó.