Bándéèjì Domla Salomat

Ní ilé ìwádìí wa ní ìlú Margilan, níbi tí a ti ń pe olùkọ́ ní Domla, kò sí ẹni tó mọ agbo tí Domla Salomat wà gan-an. Ó kọ̀wé nípa bí okùn kòkòrò sílíìkì ṣe yi tó, àwọn onímọ̀ ohun èlò ní oníkẹ́mísírì ni. Ó kọ̀wé nípa oje tó ń mú okùn náà lẹ̀ mọ́ra, àwọn oníkẹ́mísírì ní kó lọ bá àwọn dókítà. Ó kọ̀wé nípa egbò, àwọn dókítà béèrè pé ta ló pè é.

Èmi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ fún un pé, "Domla, ọmọ olórogún mẹ́ta ni yín. Ebi ló máa pa yín sùn."

"Oydin, ẹnu rẹ gùn ju okùn mi lọ. Fọ ìgò."

Bẹ́ẹ̀, ibì kan náà ni gbogbo ìwé yẹn ń lọ: bándéèjì sílíìkì tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò, fún ọmọ tí omi tíì bó lára. Bí ìgbìmọ̀ oníṣègùn bá gbà á, ilé ìwòsàn á máa lò ó. Bí wọn ò bá gbà á, ó parí nìyẹn, torí Domla máa fẹ̀yìn tì nígbà ẹ̀rùn.

Láàárọ̀ tí ìgbìmọ̀ ń bọ̀, Ìyá Robiya tó ń gbálẹ̀ ti ṣáájú wa dé. Ó da ewé isiriq gbígbẹ sórí ẹyín iná, ó sì gbé èéfín rẹ̀ yí yàrá ká, níbi tí a sá bándéèjì sí láìbò.

"Domla mi, ẹ fọkàn balẹ̀! Mo ti fín gbogbo igun. Ojú burúkú kan ò lè wọlé."

"Ìyá, ìgbìmọ̀ gan-an ò ní lè wọlé, ikọ́ ló máa lé wọn," ni mo wí. Ni mo bá rí ojú Domla, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ó ti gbé bándéèjì kan símú. Èéfín ti mú un pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Ẹ ṣé, Ìyá," ló sọ.

Èsì ìgbìmọ̀ ò pẹ́: ẹ̀gbin wà nínú rẹ̀, kò ṣeé fi sójú egbò.

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn pé èéfín ni," mo bẹ̀ ẹ́. "Ká tún òmíràn hun."

"Wọ́n á béèrè ẹni tó gbé iná wọ láàbù. Wọ́n á lé e, Oydin. Òun nìkan ló ń bọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀."

Ìyá Robiya gbé tíì wọlé. "Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọn ò gbà á. Okùn mi ni ò dáa tó."

Domla, obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú okùn rẹ̀!

Ìyá Robiya bú sẹ́kún. "Irọ́ ni! Ìlara ni! Ká ní mo mọ̀, ǹ bá ti fín in lẹ́ẹ̀mejì!"

"Ẹ jókòó, Ìyá. Ẹ mu tíì yín kó tó tutù."

Nígbà tí ẹ̀rùn dé, Domla lọ, wọ́n sì kó àga tó ti kán kún yàrá wa. Nílé ìwòsàn, aṣọ gbígbẹ tó ti lẹ̀ mọ́ ara ni wọ́n ṣì ń ṣí kúrò lójú egbò àwọn ọmọdé, igbe wọn sì ń dé títì.