Ìwé Tí Mo Fi Kàlẹ́ńdà Ìjọ Bò

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, iṣẹ́ olùkọ́ tí bàbá mi ń ṣe gbé wa láti Òṣogbo wá sí Iléṣà. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ mọ bí ó ṣe máa ń rí fún ọmọ tuntun ní kíláàsì: wọn á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọn á fi rí ẹlòmíràn. Ìbídùn nìkan ni kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "O jọ ẹni tó fẹ́ràn ùwé." Bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe ń pe ìwé, ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ kì í fi í sílẹ̀.

Ọmọ Ìwàrà ni. Àwọn òbí rẹ̀ wà lóko kòkó níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan ló ń gbé ní Iléṣà kí ó lè rí ilé-ìwé lọ. Àǹtí yìí kì í fi ọ̀rọ̀ bò: ọjọ́ tí wọ́n bá mú ẹjọ́ Ìbídùn wá sílé, oko ni yóò padà sí. Ìbídùn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Ìwé tí mò ń wí yìí kì í ṣe ìwé ilé-ìwé o. Ìwé òyìnbó tí wọ́n kọ fún àwọn ọ̀dọ́ ni, ìtàn iwin àti àràmàǹdà: ọmọbìnrin tó ń gba inú dígí lọ sí ìlú àwọn òkú, ọmọkùnrin tí òjìji rẹ̀ sá fi í sílẹ̀. Bàbá kan ń ta ògbólógbòó ìwé lẹ́bàá ọjà, Ìbídùn á bá a gbá iwájú ìsọ̀, bàbá á sì ní kó mú ọ̀kan lọ kà. Àwọn ìwé náà ń rùn bí àpótí aṣọ tí òjò wọ̀. Títí di òní, òórùn yẹn ṣì ń mú inú mi dùn kí ó tó bà á jẹ́.

Bí Ìbídùn bá fẹ́ kí o ka ìwé kan, yóò sọ ọ́ dé ibi tí ọmọ inú rẹ̀ ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, yóò sì pa ẹnu mọ́. Bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní sọ ìparí. "Lọ kà á," ni yóò wí, yóò sì ju ẹ̀pà sẹ́nu. Lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé ni a ti ń jẹ ẹ̀pà náà, èmi á ra gúgúrú, òun á mú ẹ̀pà wá. Ó tún mọ ìwé tó bá oníkálukú mu. Nígbà tí ìyá ọmọ kíláàsì wa kan kú, ìwé tí òkú inú rẹ̀ kì í dẹ́rù bani ló wá fún un. N kò tíì rí olùkọ́ tó lè ṣe irú ẹ̀.

Èèpo àwọn ìwé náà ni wàhálà: oníwo, olójú pupa, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń kán létè rẹ̀. Mo bá gé kàlẹ́ńdà ìjọ wa tí ọdún rẹ̀ ti kọjá, mo fi bò wọ́n. Pásítọ̀ wa àti ìyàwó rẹ̀ wá ń rẹ́rìn-ín lórí àǹjọ̀nú.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Màmá ní kí n máa ṣọ́ iṣu iyán lórí iná. Ní Iléṣà, ẹni tó ba iṣu iyán jẹ́ ti ṣẹ gbogbo ilé. Mo jókòó ti ìkòkò pẹ̀lú ìwé mi. Ọmọ inú ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú àwọn òkú ni, omi gbẹ, iṣu di èédú. Òórùn ló pe Màmá. Wọ́n já ìwé gbà lọ́wọ́ mi, kàlẹ́ńdà fà ya, pásítọ̀ lọ sápá kan, oníwo yọjú. Ká ní iṣu nìkan ni, pàṣán mẹ́fà ì bá parí ẹ̀. Màmá kò nà mí, ẹkún ni wọ́n bú sí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìyá tó ń nani sàn ju ìyá tó ń sunkún lọ.

Wọ́n dáná sun ìwé náà, wọ́n sì mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá aládùúrà kan ní ìjọ wa. Ààwẹ̀ ni, lórí eékún, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. "Ta ló fún ọ ní ìwé yẹn?" Lọ́jọ́ kìíní, n kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, mo ní Ìbídùn ni. Mo rò pé ó tán. Ìyá aládùúrà sún mọ́ mi, wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé ó fún ọ ní nǹkan jẹ?"

Kò sí ọmọ tó dàgbà láàárín wa tí kò mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ń lọ. A ti gbọ́ ọ nínú ẹ̀rí lóríṣiríṣi pé oúnjẹ ọwọ́ ọmọ kíláàsì ni wọ́n fi ń mú ọmọdé wọ ẹgbẹ́ àjẹ́. Mo mọ̀. Ẹ má bá mi wá àwáwí pé ọmọdé ni mí. Ebi ń pa mí, eékún ń dùn mí, ọ̀rọ̀ ẹ̀pà náà kì í sì í ṣe irọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ̀pà ni."

Wọ́n yin Olúwa. Wọ́n gbé ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì pọ́n ọwọ́ lá.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Màmá ti dé ọ̀dọ̀ àǹtí Ìbídùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí wọn níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ìwàrà, àǹtí àti ẹrù kékeré kan àti Ìbídùn tí wọ́n ti fá lórí kodoro. Mo fẹ́ sá, ó ti rí mi. Bóyá wọ́n ti sọ fún un pé èmi ni, n kò mọ̀. Ó kàn bi mí pé, "Ùwé yẹn, o kà á tán?" Mo mirí pé rárá. Òun tí kì í sọ ìparí ìwé fún ẹnikẹ́ni, ó la ẹnu láti sọ ọ́ fún mi. Àǹtí fà á lápá wọ ọkọ̀.

Kò padà sílé-ìwé mọ́. Mo gbọ́ pé kò pẹ́ tí wọ́n fi fún un lọ́kọ, pé oko kòkó náà ló ṣì wà. Ìwàrà kò jìnnà, n kò sì lọ wò ó rí. Mo máa ń sọ pé àyè ni kò sí. Irọ́ ni.

Nǹkan ti yí padà báyìí. Ní Òṣogbo tí mo padà sí, pálọ̀ ni ọmọbìnrin mi ti ń ka irú ìwé wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ lórí àga. Olùkọ́ wọn ló ń yàn án fún wọn, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa sọ fún ara wọn lórí fóònù èyí tó dùn jù. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fi wá sórí eékún láyé ọjọ́sí ti di ẹ̀bùn Kérésì. Lọ́dún tó kọjá, ta ló gbé ìwé oníwo wá fún un, tí wọ́n fi bébà tó ń dán dì í? Màmá mi ni. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń kàwé, orí rẹ̀ á pé.

Mo bi wọ́n pé, "Màmá, ẹ rántí Ìbídùn?"

"Ìbídùn wo?" Wọ́n ronú gan-an, wọn kò díbọ́n. "Ọmọ ta ni?"

Inú bí mi gan-an. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ni mo bá rántí. Màmá kò mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Ìbídùn láyé, àfi ìgbà tí mo dárúkọ rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ kejì ààwẹ̀ yẹn.