Ìkánjú Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí ìrì ṣì wà lórí rẹ̀, ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù tí mo ti ṣiṣẹ́ nítòsí Swords, ní Dublin, láyé ìgbà tí owó ń ṣàn ní Ireland débi pé àwọn ọmọ onílùú fúnra wọn kò mọ ibi tó ti ń wá. Ibi yòówù kí èèyàn kọjú sí nígbà náà, ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń kọ́lé ni yóò rí. Ẹni tó ń ta ẹran lánàá ti di ẹni tó ń ta ilé lónìí, gbogbo wọn ló sì fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù. Èmi ọmọ Ìwó, tí n kò rí igi gọ́ọ̀fù rí àfi nínú tẹlifíṣọ̀n, ni mo bá ara mi láàárín wọn nínú aṣọ òjò aláwọ̀ ewé, tí mò ń wa kẹ̀kẹ́ kékeré oníbátìrì kiri bí ẹni pé bàbá mi ló ni pápá.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń jáde ní mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀wọ́ kan ń tẹ̀ lé òmíràn láti ihò kan tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí dé ìkejì. Bí ọ̀wọ́ kan bá falẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ni yóò dúró nínú òjò, tí wọn yóò máa bú ara wọn lábẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ní láti lọ bá àwọn tó ń falẹ̀, kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹsẹ̀ mọ́rìn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé òyìnbó ń fi owó ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó so mí mọ́ iṣẹ́ yẹn. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ló wà lórí àṣẹ iṣẹ́ tí ìjọba fún mi. Bí wọ́n bá lé mi, àṣẹ náà kú nìyẹn. Ìyàwó mi sì wà ní Ìwó. Yìgì wa kò tíì pẹ́ rárá nígbà tí mo gbéra, ó ti kó ìwé fún àwọn tó ń fúnni ní físà, wọ́n sì ti sọ fún un pé àwọn yóò pe ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kí àwọn tó fọwọ́ sí i. Wọn kò sọ ọjọ́ tí wọn yóò pè. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni ayé mi gbé lé: kí wọ́n bá mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè. Bí mo bá kírun, àdúrà yẹn ni mò ń gbà. Bí mo bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì tí ojú fèrèsé rẹ̀ ti ṣú fún èémí èèyàn, òun náà ni. Mo tiẹ̀ máa ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá mi bí ẹni pé ó ti dé, mo ń fi ibi tí yóò kó aṣọ rẹ̀ sí hàn án.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ Yorùbá ni mí. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, èèyàn kì í sọ fún àgbà pé kó yára. Bí bàbá àgbà bá fi gbogbo ọ̀sán jẹ iṣu, ńṣe ni wàá jókòó tì í, tí wàá máa sọ pé ẹ rọra jẹ ẹ́, sà. Ẹgbẹ́ wa yìí sì kún fún àwọn àgbàlagbà tí eékún ń dùn. Bákan náà, èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣe nǹkan láìkí i. Lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rí bàbá kan tó gbé igi rẹ̀ sókè, mo sì ké sí i láti orí kẹ̀kẹ́ mi pé, "Good morning, sir! How is the family, sir?" Bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ inú omi lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ fún mi pé bí ẹnì kan bá ti gbé igi sókè, gbogbo ẹ̀dá gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́.

Mo wá kọ́ láti dúró kí wọ́n gbá a tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbá a tán, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ pé kí wọ́n yára láìkọ́kọ́ béèrè orúnkún, ọmọ, àti ọmọ ọmọ. Inú wọn a dùn. Wọn a fi igi ti ẹ̀gbẹ́ kan, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀wọ́ tí mo bá lọ kán lójú fi ń falẹ̀ ju èyí tí n kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Èmi, ọ̀mọ̀ràn, mo rò pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, nítorí gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn mi.

Ẹni tí kò fẹ́ràn mi ni olórí ẹgbẹ́, ọkùnrin kan tó ń ta ilé, tí ọrùn rẹ̀ máa ń pọ́n bí inú bá ń bí i. Wọ́n ti ṣí pápá tuntun kan sí apá Clondalkin, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó kéré lọ́jọ́ orí sì ti ń rọ́ lọ síbẹ̀. Níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni gbogbo wọn ń gùn, wọn kì í fi ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú fóònù létí, wọ́n sì ń parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Olórí ẹgbẹ́ máa ń fi wọ́n wé wa bí ìyálé ṣe ń fi ọmọ rẹ̀ wé ọmọ ìyàwó. Ó pe àwọn ará ibẹ̀ wá bá wa díje lọ́jọ́ Sátidé kan, ó sì pè mí sínú ọ́fíìsì. Ó ní bí bàbá àgbà kan báyìí nínú ẹgbẹ́ wa bá fi lè dá àwọn àlejò dúró lọ́jọ́ náà, kí n má wulẹ̀ padà wá ní Mọ́ńdè.

Bàbá yẹn ni ẹni tó falẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Òun náà ti ṣe olórí ẹgbẹ́ rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó tó o wò lójú. Bí ó bá dé ìdí bọ́ọ̀lù, yóò yí i po. Yóò bọ́ ìbọ̀wọ́, yóò wo ojú ọ̀run, yóò tún ìbọ̀wọ́ wọ̀. Yóò wá yọ igi kan, yóò dá a padà, yóò yọ òmíràn. Ìgbà tó bá wá gbá a tán, bọ́ọ̀lù náà kì í lọ jìnnà.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Àlàájì tí mo gba yàrá nílé rẹ̀ ní Mulhuddart lọ, àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí.

Ó bi mí pé, "Ṣé o ti bẹ bàbá náà?"

"Àlàájì, òyìnbó ni o."

"Oyinbo no be person? Àgbà làgbà ń jẹ́. Bẹ̀ ẹ́ dáadáa, bí ọmọ ṣe ń bẹ bàbá ẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Dọ̀bálẹ̀ fún un, jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí serious."

Ọmọbìnrin Àlàájì, tó ti dàgbà sí Dublin, tó máa ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi í dáhùn, yí ojú kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n. "Ah Daddy, he can't do that here. They'll think he's after dropping dead, like."

Bàbá rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó máa rò pé èèyàn kú, kó lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín pé kí ni ọmọdé mọ̀ nípa ẹ̀bẹ̀.

Òjò winniwinni ló ń rọ̀ ní Sátidé náà. Nígbà tí ọ̀wọ́ bàbá fi máa dé ìdajì pápá, àwọn àlejò ti tò sẹ́yìn wọn, wọ́n ń wo aago, wọ́n ń wo ara wọn. Ohùn olórí ẹgbẹ́ ń bú jáde lórí ẹ̀rọ tó wà ní ìbàdí mi pé níbo ni mo wà. Mo wa kẹ̀kẹ́ mi débẹ̀. Mo dúró títí bàbá fi gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tán, nítorí mo ti gbọ́n níbi ìyẹn. Mo bọ́ fìlà, mo rìn lọ síwájú rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú koríko tútù. Aáfà wa máa ń sọ pé Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún. Lọ́jọ́ náà, mo sọ fún Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́ kó yọ̀ǹda mi, ìdọ̀bálẹ̀ ni, kì í ṣe ìforíbalẹ̀.

Kí n tó la ẹnu, ẹnì kan ti kígbe. Wọ́n rò pé ọkàn mi ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, tó ti ṣe dókítà rí, yí mi dojú sókè, ó gbé ọwọ́ lé àyà mi, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mò ń pariwo pé n kò ṣàìsàn, pé mò ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, "You're grand, you're grand, don't be talking now." Wọ́n ń sáré bọ̀ láti gbogbo ihò. Ẹnì kan ti pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ọkọ̀ náà sì gba orí pápá wọlé, táyà rẹ̀ tú koríko tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ìgbà òtútù. Gbogbo eré dúró pátápátá. Kò tíì sí ọjọ́ tí wọ́n falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí lórí pápá yẹn. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, òjò ń rọ̀ sí mi lójú, mo sì ń rí àwọn ará Clondalkin tí wọ́n ń kó igi wọn sínú ọkọ̀, tí wọ́n ń lọ.

Nígbà tí àwọn olùtọ́jú ti yẹ̀ mí wò tí wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe mí, bàbá náà jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ó bi mí kí ni mo fẹ́ sọ gan-an. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìyàwó mi, ti físà, ti Mọ́ńdè. Ó wá ní, "Ìyàwó tèmi kú lọ́dún tó kọjá. Bí mo bá gbá gọ́ọ̀fù kíákíá, ilé ni mò ń lọ. Kí ni n óò lọ ṣe níbẹ̀?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì bí mi sí i lẹ́ẹ̀kan náà, inú tó burú. Ó fẹ́ kí ọjọ́ falẹ̀, èmi fẹ́ kí ó sáré, pápá kan náà la sì jọ wà. Ó dìde, ó lọ bẹ olórí ẹgbẹ́ fún mi. Mò ń wò wọ́n láti ìta lójú gíláàsì. Bí ó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ló ṣe ń sọ̀rọ̀: ó sọ díẹ̀, ó dúró, ó wo òkè, ó tún sọ díẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ kò jẹ́ kó parí. Kí n tó wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n ti gba aṣọ òjò aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá di ẹni tó lè fi àwọn ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Dublin wéra, nítorí mo kárí wọn. Mo lọ sí Clondalkin. Máníjà ibẹ̀ kò tiẹ̀ jókòó. Ó gbọ́ mi kíákíá, ó sì kọ̀ fún mi kíákíá, ó ní àwọn kò nílò ẹni tí yóò máa kán ẹnikẹ́ni lójú. Mo lọ sí ọ̀kan lẹ́bàá òkun, ibi tí àwọn ọlọ́lá ń gbá a, tí ìrìn wọn ní ìwọ̀n, tí ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Wọ́n fún mi ní tíì, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti lọ́sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé e, wọ́n rọra ń kọ̀ fún mi títí ó fi yé mi. Pápá kékeré kan wà nítòsí Mulhuddart tí kò ní ọmọ ẹgbẹ́, tí tọmọdé tàgbà ń wọlé gbá a bó ṣe wù wọ́n. Àwọn yẹn fẹ́ gbà mí tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba àṣẹ iṣẹ́ fún mi. Mo sunkún níbẹ̀, níwájú obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kò mọ ohun tó máa ṣe sí mi, ó fún mi ní ṣokoléètì.

Àárín ìgbà yẹn ni àwọn tó ń fúnni ní físà pe ẹgbẹ́ wa àtijọ́. Akọ̀wé ibẹ̀ sọ òótọ́, pé n kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ìyàwó mi ló fi fóònù sọ fún mi pé wọn kò fọwọ́ sí ìwé òun. Kò pariwo. Ó kàn ń bi mí pé, "Kí la fẹ́ ṣe báyìí?" Mo ní kó ní sùúrù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn, mo sọ ọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, títí owó Ireland fúnra rẹ̀ fi gbẹ tí àwọn ẹ̀rọ ìkọ́lé dúró sójú kan. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá sọ pé ọmọ àwọn kò lè máa gbọ́ ohùn ọkọ láìrí ọkọ. Wọn kò ṣì í sọ. Wọ́n tú yìgì náà. Ìgbà tí ìwé ìgbélùú mi fi máa jáde, ó ti bímọ fún ẹlòmíràn.

Mo ṣì wà ní Dublin. Ara mi ti balẹ̀ síbẹ̀, mo ní iṣẹ́ gidi, mo sì ti ń sọ̀rọ̀ bíi wọn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mò ń rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi kú, mo lọ sí Ìwó fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ, obìnrin náà sì wá kí mi. Ó ti sanra díẹ̀, ó yẹ ẹ́. Láyé ọjọ́un, ọkọ mi ló máa ń pè mí, kódà níwájú àwọn àgbà tó bá ń fojú bá a wí. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, bọ̀dá. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sáfẹ́fẹ́ rere." Ó wá yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kí wọn. Bọ̀dá kan tí mo mọ̀ rí ni."