Pólò Orí Kẹ̀kẹ́ ní Ìgàndó

Ìkòyí ni mo ti kọ́kọ́ rí pólò. Koríko ni mo ń gé níbẹ̀. Àwọn olówó máa ń gun ẹṣin, wọ́n á fi igi gígùn tó lórí bí òòlù gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́, mo padà sí Ìgàndó, mo ń fi kẹ̀kẹ́ kó búrẹ́dì kiri lọ́sàn-án, mo ń lọ ilé ìwé àwọn àgbà nírọ̀lẹ́. A kò lẹ́ṣin. Kẹ̀kẹ́ la ní.

Mo kó àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun jọ. Káfíńtà kan láàárín wa kan igi náà fún wa. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di tiwa. Mo sọ òfin fún wọn: ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kanlẹ̀ á gun kẹ̀kẹ́ lọ fọwọ́ kan igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ pápá, kó tó padà sínú eré.

Ohun tí n kò rò ni pé ọ̀nà oko gba ẹ̀gbẹ́ pápá náà kọjá. Bí àgbàlagbà bá ti yọ, gbogbo wa á bọ́ sílẹ̀, a ó dọ̀bálẹ̀. Ta ni yóò jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí bàbá? Lẹ́yìn náà, gbogbo wa á tò lọ sídìí máńgòrò, á wá ku bọ́ọ̀lù nìkan lórí pápá.

"Ẹ jẹ́ ká yọ ìkíni kúrò nínú ẹ̀ jàre," ni káfíńtà wí.

Mo ní òfin kì í mojú ẹnì kan.

Ẹlẹ́mu kan wà láàárín wa. Kò mọ bọ́ọ̀lù í gbá, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó ké lẹ́yìn mi pé, "Ẹ káàbọ̀ sà, bàbá." Mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ewúrẹ́ kan ló dúró níwájú mi. Ẹlẹ́mu ti gbá bọ́ọ̀lù lọ.

"Bàbá mi tó wà lábúlé ni mò ń kí," ó ní. "Àbí kí n má kí bàbá mi?"

"Ó kí ewúrẹ́ dáadáa ṣá," ni káfíńtà wí. "Ilé rere ló ti wá."

Mo pinnu pé ẹlẹ́mu kò ní tàn mí sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Nígbà yẹn, mo ti rí ẹni tó wá di ìyàwó mi, tó ti di olóògbé báyìí. Àwọn ará ilé mi máa wá tọrọ rẹ̀ ní Sátidé. Ó ti kìlọ̀ fún mi nípa bàbá rẹ̀, tí n kò tíì kí rí, àfi kí n rí wọn lókèèrè.

"Ẹnì kan wá rí, ó nawọ́ láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́," ó ní. "Wọ́n ní kó máa lọ. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni wọ́n ń wá."

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Sátidé náà, bọ́ọ̀lù wà níwájú mi, ojú gòólù kò jìnnà. Mo gbọ́ ohùn ẹlẹ́mu: "Ẹ káàbọ̀ sà, bàbá."

"Bá mi kí ewúrẹ́ náà," mo dá a lóhùn láìwẹ̀yìn, mo sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Kò sẹ́ni tó hó. Mo yíjú padà. Gbogbo wọn ti dọ̀bálẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin náà ló dúró níwájú wọn, tàdá-tàdá.

Mo fò sílẹ̀, mo nà gbalaja sínú eruku.

"Èwo ni ewúrẹ́ nínú wa?" wọ́n bi mí.

"Ẹ má bínú sà. Òfin eré yìí ni pé ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kanlẹ̀."

"Ta ló mú òfin wá?"

"Èmi ni sà."

"Ó dáa. Gun kẹ̀kẹ́ rẹ, kí o dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí rẹ̀. Kẹ́sẹ̀ má kanlẹ̀ o."

Mo gùn ún. Mo yí wọn po, mo tẹ àyà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe ń wí pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà," kẹ̀kẹ́ yà, mo sì forí sọ máńgòrò.

"Ó ti kan máńgòrò ṣá," ni ẹlẹ́mu wí jẹ́jẹ́. "Ó lè padà sínú eré."

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró títí mo fi dìde.

"Ìwọ lọmọ mi ń sọ. Kí àwọn ará ilé rẹ wá ní Sátidé," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ gbogbo yín kanlẹ̀, láti ilé yín títí dé ilé mi."

Ìkọ̀tún ni ilé ẹbí wa wà, ẹsẹ̀ la sì fi rìn láti ibẹ̀ dé Ìgàndó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sanra, bàtà tuntun sì há wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń tiro bọ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tó bi mí pé, "Irú ilé wo lèyí, tí mọ́tò kò gbọdọ̀ gbéni dé?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wọlé ná.

Bàbá ìyàwó mi jáde. Wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàtà wa tí eruku bò ni wọ́n wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó ní ká máa wọlé.