Ìrẹsì Ọ̀sán Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Bàámi kì í fi ààwẹ̀ ṣeré. Wáàfù Àpápá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi. Àpò sìmẹ́ǹtì á wà léjìká wọn nínú oṣù Ràmàdáánì, síbẹ̀ omi ò ní kan ọ̀nà ọ̀fun wọn títí oòrùn á fi wọ̀. Lọ́dún kan tí ibà dá wọn dùbúlẹ̀, gbogbo ilé ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mu ògì díẹ̀, ńṣe ni wọ́n kọjú sí ògiri. Màámi, tí í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló máa ń jí dáná sààrì fún wọn. Nínú àwa ọmọ, èmi nìkan ni mò ń bá wọn gbààwẹ̀, èmi náà ni mo sì máa ń gbé Bíbélì Màámi tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ ìsinmi. Ní Ajégúnlẹ̀ tiwa, kò sẹ́ni tí ìyẹn yà lẹ́nu.

Nítorí náà, ohun tí mo fojú ara mi rí ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà lọ́sàn-án ọjọ́ ààwẹ̀ tí mò ń lọ sókè òkun, tí mo bá rántí rẹ̀ títí dòní, àyà mi ṣì máa ń já.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Láàárín àwọn ọdún 1990, ṣe ni àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ́ lọ sí ilẹ̀ Sáúdì, torí pé owó oṣù tiwa nílé kò tó gbọ́ bùkátà. Èmi náà ríṣẹ́ ọdún méjì níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, Bàámi bẹ ọ̀rẹ́ wọn kan ní Malu Road kó fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé wa. Gbogbo ojúlé tú síta. Ìyá kan tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà wa ń pariwo pé, "Nọ́ọ̀sì, no forget us o! Abeg, send gold!"

A tètè dé pápákọ̀. Mo rò pé a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n á fi pè wá ni, àfi bí Bàámi ṣe ní ká gòkè lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹun. Èmi àti Màámi wo ara wa. A ò wọ irú ibẹ̀ rí. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ wa bí ọyẹ́. Màámi fa aṣọ ìnuwọ́ tí wọ́n ká sínú gíláàsì yọ, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n rọra tún un ká, wọ́n dá a padà kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ló bà á jẹ́.

Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri wá bá wa. Bàámi ní kó gbé ìrẹsì àti adìẹ wá, àwo mẹ́ta.

Mo ní, "Bàbá, mo ń gbààwẹ̀ o."

"Arìnrìn-àjò ni ọ́. Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún ọ."

"Mo lè gbà á dé ibẹ̀." Oríkunkun tèmi náà kì í ṣe kékeré. "Àti pé mi ò lè máa họ eegun adìẹ níwájú yín, kẹ́ ẹ wá máa wò mí lẹ́nu."

Nígbà tí oúnjẹ dé, Bàámi fa àwo kan sọ́dọ̀, wọ́n ní, "Bísímíláì," wọ́n bu ìrẹsì sí ṣíbí, ó di ẹnu.

Oòrùn wà lójú ọ̀run rekete. Mo rò pé wọ́n gbàgbé ni. "Bàbá! Ẹ tutọ́ ẹ̀ dànù! Ẹ ti gbàgbé!" Wọ́n gbé e mì, wọ́n sì mú itan adìẹ.

Ọkùnrin tó gbé oúnjẹ wá náà dúró wò wọ́n pẹ̀lú fìlà ìmàle lórí wọn. "Alhaji, ẹ̀yin náà ń rìnrìn-àjò ni?"

"Rárá o. Ọmọ mi ló ń lọ."

Ó mirí, ó kúrò níbẹ̀. Màámi tẹ̀ sí mi létí, wọ́n ní, "Àbí wọ́n ti fẹ́ máa bá mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Wọn ò fi ṣàwàdà o, ohùn wọn ń gbọ̀n fún ìrètí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Bàámi nu ọwọ́. "Ẹni méjì ni Ọlọ́run yọ̀ǹda fún," wọ́n wí. "Arìnrìn-àjò àti aláìsàn. Ìwọ lò ń rìnrìn-àjò."

Wọ́n mú ọ̀rá kékeré kan jáde lápò, wọ́n ju hóró oògùn méjì sẹ́nu, wọ́n fi omi lé e. Mo mọ oògùn yẹn. Èmi ni mò ń pín in ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, fún àwọn tí ọkàn wọn ò lágbára mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ tábìlì. Ọrùn ẹsẹ̀ Bàámi ti wú bo okùn sálúbàtà wọn.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni dókítà ti ní n ò gbọdọ̀ gbà á. Lọ́sàn-án, ẹ̀yìn kọ̀ǹténà ni mo máa ń sá lọ jẹ búrẹ́dì bí olè. Tó bá dalẹ́, èmi àti ìwọ á wá jọ ṣínu."

Màámi ní, "Jésù!" Wọ́n gbá àyà mú.

Inú bí mi. Mo dìde, mo gbé báàgì mi. "Mi ò lọ mọ́. Ẹ dìde, ká máa lọ sílé. Èmi ni mo máa tọ́jú yín!" Àwọn tó ń jẹun yí ojú sí wa.

Bàámi ò gbóhùn sókè. "Ṣé mi ò lè fi pamọ́ títí wàá fi lọ ni? Mo fẹ́ bá ọ jẹun lẹ́ẹ̀kan tí ò ní irọ́ nínú. Tó o bá torí ẹ̀ dúró, a jẹ́ pé ó yẹ kí n máa purọ́ fún ọ lọ."

Màámi fà mí lápá, wọ́n ní, "Jókòó, jẹun. Èmi wà pẹ̀lú wọn." Omi ń bọ́ lójú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo jókòó, mo mú ṣíbí. Bàámi wò mí títí mo fi gbé èyí tí mo kọ́kọ́ bù mì, kí àwọn náà tó tún bu tiwọn.

Mo lọ. Bàámi kú kí n tó lo ọdún kan níbẹ̀. Mi ò mọ iye ọjọ́ tí wọ́n jẹ lẹ́yìn kọ̀ǹténà, nítorí náà mo gba ààwẹ̀ oṣù kan gbáko láti fi san án fún wọn. Ti ọjọ́ pápákọ̀, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀, torí àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹ́. Mo san tèmi lọ́jọ́ kan, mo san tiwọn lọ́jọ́ kejì.